Sẹ́ẹ̀lì Ta Ni Wọ́n Fi Ṣe É? Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí Kòkòrò Àrùn Nínú Sẹ́ẹ̀lì Ọmọ Ènìyàn

Kòkòrò tí ó ń fa ibà táífọ́ọ̀dù kì í bá ẹranko jà. Ènìyàn nìkan ni ó mọ̀. Bí wọ́n bá fi í sára eku inú yàrá ìwádìí, ara eku á pa á rẹ́, eku á sì máa jẹun rẹ̀ lọ. Kòkòrò àtọ̀sí náà, ọmọ ènìyàn ni ilé rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń mú eku lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró irú eku tí wọ́n sábà máa ń lò kì í jẹrà kí ó sì dá ihò bí ẹ̀dọ̀fóró tiwa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí irú àwọn kòkòrò wọ̀nyí ṣe ń borí wa kò lè máa wo ẹranko nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò la ara aláàyè sílẹ̀ kí ó jókòó tì í, kí ó máa wo ogun inú rẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá dá ni pé kí wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara, lọ́wọ́ ènìyàn, kí wọ́n máa sìn wọ́n nínú abọ́, kí wọ́n sì tú kòkòrò àrùn sí wọn láàárín. Iṣẹ́ yìí ti bí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ tí àwọn dókítà ń lò lónìí. Ó ti ṣi àwọn kan lọ́nà pẹ̀lú. Bí mo ṣe to àwọn ìwádìí náà síwájú ara wọn, ìbéèrè kan ni mo rí pé ó ń fi èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ hàn yàtọ̀ sí èyí tí kò múlẹ̀: sẹ́ẹ̀lì ta ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé ti ọmọ tí àìsàn náà ń ṣe gan-an ni? Ṣé ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni? Ṣé ti àrùn jẹjẹrẹ tí ó ti ń dàgbà nínú ìgò láti ogójì ọdún sẹ́yìn ni? Àbí ti ìran kan ṣoṣo tí wọ́n wá sọ di aṣojú gbogbo ayé?

Élie Metchnikoff, ọmọ ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà ayé ìgbà náà, ni a máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí. Ní 1882, ní ìlú Messina ní Itálì, ó ki ẹ̀gún bọ ara ọmọ ẹran omi kan tí ojú lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ti rọ̀gbà yí ẹ̀gún náà ká. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń jà fún un pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ara tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé kòkòrò mì kí wọ́n sì jẹ ẹ́ run. Wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel ọdún 1908 fún òun àti Paul Ehrlich ti Jámánì, ẹni tí ó gbà pé àwọn èròjà inú omi ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ja ìjà náà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre.

Ó yẹ kí á wo bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí inú iṣẹ́ ọwọ́ yìí gan-an ni agbára rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ wà. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ó yọ̀nda. Wọ́n á rọra dà á lé orí omi kan tí ó ki, tí wọ́n ń pè ní Ficoll, wọ́n á sì gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń yí i bírí-bírí. Sẹ́ẹ̀lì pupa á rì sí ìsàlẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ tí ó ní àwọ̀ ìyeyè á wà lókè. Láàárín méjèèjì, ìlà funfun tín-ín-rín kan á dúró. Òun ni wọ́n ń wá. Wọ́n á fà á jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dà á sínú abọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ jù nínú rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní monocyte. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́, àwọn yòókù á sì bá omi ìfọ̀ lọ. Wọ́n á wá máa fi omi tí ó ní ṣúgà, iyọ̀ àti fítámì bọ́ ọ; èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni RPMI 1640, tí wọ́n fi orúkọ ilé ìwádìí Roswell Park ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà pè. Wọ́n á fi èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ fi ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà, M-CSF, kún un. Abọ́ á wọ inú àpótí ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ jẹ́ 37°C, tí carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, monocyte kékeré á fẹ̀, á di macrophage, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tí ń gbé kòkòrò mì.

Ìgbà náà ni kòkòrò á dé. Wọ́n lè fi mẹ́wàá sí sẹ́ẹ̀lì kan, tàbí kí ó dín, tàbí kí ó lé. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, wọ́n á da oògùn gentamicin sí i. Gentamicin kì í tètè wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Nítorí náà, kòkòrò tí ó bá ṣì wà níta á kú, èyí tí sẹ́ẹ̀lì ti gbé mì á sì bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Ó kù sọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ní wákàtí kejì, ní wákàtí kẹfà, ní wákàtí kẹrìnlélógún, wọ́n á mú abọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi omi ọṣẹ kan tú sẹ́ẹ̀lì ká, wọ́n á bu omi là á léraléra, wọ́n á sì tẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí àwo oúnjẹ kòkòrò. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kòkòrò kọ̀ọ̀kan tí ó yè á ti pọ̀ di àmì róbótó kan lórí àwo. Wọ́n á kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá ń dín kù láti wákàtí dé wákàtí, sẹ́ẹ̀lì ni ó ń borí. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, kòkòrò ti sọ ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ di ilé.

Àìmọye ìwé ìmọ̀ ni ó dúró lórí kíka àmì róbótó yìí. Ó rọrùn, kò wọ́n púpọ̀, ó sì ṣeé gbára lé bí ẹni tí ń ṣe é bá ní sùúrù. Ibi tí ó ti lè tan ni jẹ ni pé bí oògùn náà bá pẹ́ jù lórí sẹ́ẹ̀lì, díẹ̀ nínú rẹ̀ á wọlé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa kòkòrò inú lọ́hùn-ún. Olùwádìí á wá máa yin sẹ́ẹ̀lì fún iṣẹ́ tí oògùn ṣe.

Àpẹẹrẹ tí èmi fi ṣáájú gbogbo rẹ̀ wá láti Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, ní 1966 sí 1967. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí eéwo àti ọyún kì í fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Ó ń yọ sí wọn lára, ó ń yọ sí ẹ̀dọ̀, ó ń yọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kú ní kékeré. Ohun tí ó ń da àwọn dókítà láàmú ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wọn pé iye, àwọn èròjà tí ń gbógun ti àrùn nínú omi ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì dín. Paul Quie, Beulah Holmes, Robert Good àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba sẹ́ẹ̀lì funfun àwọn ọmọ náà, wọ́n fi kòkòrò Staphylococcus sí i, wọ́n sì fi sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ara wọn dá ṣe òdiwọ̀n. Sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ náà gbé kòkòrò mì dáadáa, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Pípa ni kò lè pa á. Wákàtí ń lọ, kòkòrò ṣì ń mí nínú ikùn ẹni tí ó gbé e mì.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó wá hàn pé irinṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń sọ atẹ́gùn oxygen di májèlé fún kòkòrò kò ṣiṣẹ́ lára àwọn ọmọ náà, nítorí àbùkù inú jíìnì tí wọ́n bí mọ́ wọn. Ní 1968, àyẹ̀wò kan ti jáde tí ó ń lo aró: sẹ́ẹ̀lì tí ó pé á sọ aró náà di aláwọ̀ aró dúdú, ti ọmọ tí ó ní àrùn yìí kò ní yí padà. Lónìí, ọmọ tí wọ́n bá tètè rí i lára rẹ̀ lè máa lo oògùn tí ń dènà àkóràn, wọ́n sì lè fún òmíràn ní mùdùnmúdùn egungun ẹlòmíràn. Ìdí tí mo fi fi iṣẹ́ yìí ṣáájú ni pé àbọ̀ inú abọ́ bá ìyà tí ó ń jẹ ọmọ lórí ibùsùn mu régé. Ẹni tí ó ni àìsàn ni ó ni sẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò Legionella tún gba ọ̀nà mìíràn wá. Ní oṣù Keje 1976, àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà ṣe àpéjọ wọn ní òtẹ́ẹ̀lì Bellevue-Stratford ní Philadelphia. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òtútù àyà líle bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn ṣánlẹ̀. Nínú ènìyàn 182 tí wọ́n kà nínú ìwé ìwádìí náà, 29 ni ó kú. Nǹkan bí oṣù márùn-ún kọjá kí Joseph McDade, òṣìṣẹ́ CDC, àjọ tí ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, tó rí kòkòrò tí ó fà á. Wọ́n rí i, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ó ń ṣe nínú ara.

Marcus Horwitz àti Samuel Silverstein ní Yunifásítì Rockefeller ní New York gba monocyte inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, wọ́n sì kó kòkòrò yìí bá a. Ní 1980 ni wọ́n kéde ohun tí wọ́n rí: inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni ó ti ń bímọ. Ní 1983, Horwitz fi hàn pé bí sẹ́ẹ̀lì bá gbé kòkòrò mìíràn mì, àpò tí ó wà nínú rẹ̀ á da pọ̀ mọ́ àwọn àpò tí ó kún fún èròjà tí ń jẹ nǹkan run. Àpò tí Legionella bá wà nínú rẹ̀ kì í da pọ̀ mọ́ wọn. Kòkòrò náà á jókòó síbẹ̀, á máa di méjì, á máa di mẹ́rin, títí sẹ́ẹ̀lì á fi bẹ́. Ní ọdún 1983 yìí kan náà, àwọn méjèèjì dán oògùn erythromycin àti rifampin wò nínú sẹ́ẹ̀lì. Oògùn méjèèjì dá bíbí rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n wọn kò pa á. Bí wọ́n bá fọ oògùn kúrò, kòkòrò á tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà tí ó bá ka èyí á mọ ìdí tí aláìsàn kò fi gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró nítorí pé ibà ti lọ.

Ká ní eku nìkan ni wọ́n lò, wọn ì bá má rí ìdajì rẹ̀. Macrophage ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà eku kì í gba Legionella láàyè, nítorí ó ní èròjà kan, Naip5, tí ó ń tètè mọ ìrù tí kòkòrò náà fi ń wẹ̀. Ní 1980 kan náà, Timothy Rowbotham ní ìlú Leeds ní England ti fi hàn pé inú àwọn amoeba, ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan tí ń gbé inú omi, ni Legionella ti lè dàgbà. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń gbé inú ẹni tí ń jẹ kòkòrò, kí ó tó gba inú ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ omi gbígbóná wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wa.

Wàhálà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tuntun ni pé kì í pẹ́. Ẹni tí ó fún ni ní ẹ̀jẹ̀ lónìí lè má wá lọ́la, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í sì í dàgbà lọ títí. Èyí ni ó gbé àwọn onímọ̀ lọ sídìí sẹ́ẹ̀lì àrùn jẹjẹrẹ, tí kì í kú bí wọ́n bá ń bọ́ ọ. Ìbàdàn sì wà nínú ìtàn yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Ní 1963, R. J. V. Pulvertaft, onímọ̀ àyẹ̀wò àrùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, gba díẹ̀ lára kókó jẹjẹrẹ Burkitt tí ó wú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin Nàìjíríà kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11. Sẹ́ẹ̀lì náà dàgbà, kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Raji ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìwé ìmọ̀ máa ń kà á sí ìlà sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àkọ́kọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dàgbà láìdúró, ó sì wà nínú fìríìsà àwọn yàrá ìwádìí káàkiri ayé títí di òní.

Raji jẹ́ irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní B lymphocyte, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun ara. Nínú ìwádìí kòkòrò àrùn, wọ́n ń lò ó lọ́nà tí ó wú mi lórí. Wọ́n á sin sẹ́ẹ̀lì ìfun sórí awọ tín-ín-rín kan, wọ́n á fi Raji sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, díẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì ìfun náà á yí padà, wọ́n á di irú ẹnu ọ̀nà tí ó wà nínú ìfun wa, níbi tí ara ti ń gba àpẹẹrẹ ohun tí a jẹ wọlé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn kòkòrò Salmonella àti Shigella ń gbà wọ ara. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ṣèwádìí lórí bí kòkòrò ṣe ń kọjá láti inú oúnjẹ bọ́ sínú ara, ní ìlú tí kò mọ Ìbàdàn rí, lè máa lo sẹ́ẹ̀lì ọmọ Nàìjíríà yẹn. Ìkéde Helsinki tí ó fi ìlànà ìyọ̀nda lélẹ̀ fún ìwádìí lára ènìyàn kò tíì jáde nígbà tí wọ́n gbà á. 1964 ni ó jáde. Ó dùn mí pé a mọ orúkọ sẹ́ẹ̀lì náà kárí ayé, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé kò sì mọ ìtàn rẹ̀.

Àwọn ìlà sẹ́ẹ̀lì mìíràn tẹ̀ lé Raji. HL-60 wá láti ara obìnrin kan tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ní Amẹ́ríkà, 1977. U937 ti jáde ṣáájú rẹ̀ ní Sweden, 1976. Ní 1980, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan gbé THP-1 jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin ọmọ ọdún kan. THP-1 ni ó gbòde jù nínú ìwádìí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti Salmonella. Bí wọ́n bá da èròjà PMA sí i, á dẹ́kun bíbí, á lẹ̀ mọ́ abọ́, á sì máa ṣe bíi macrophage. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: yàrá ìwádìí tí ó wà ní Èkó àti èyí tí ó wà ní Tokyo lè lo sẹ́ẹ̀lì kan náà, kí wọ́n sì fi àbọ̀ wọn wéra. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni. Iṣẹ́ bíbí ni ó gbájú mọ́, kì í fèsì sí èròjà ara kòkòrò bí ojúlówó monocyte ti ń ṣe, PMA fúnra rẹ̀ sì ti tá a jí kí kòkòrò tó dé rárá. Ní tèmi, ó dára láti fi THP-1 wá ọ̀nà. Kò dára láti fi í parí ọ̀rọ̀. Ìwé tí ó bá sọ pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ń ṣe báyìí-báyìí, tí ó sì jẹ́ pé THP-1 nìkan ni ó lò, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo tí àìsàn ti yí padà ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ní ti ohun tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn fi hàn tí eku kò lè fi hàn láéláé, mẹ́ta ni mo fẹ́ mú wá.

Ìkíní ni ti Staphylococcus aureus, kòkòrò tí ó wà nídìí ọ̀pọ̀ eéwo. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan ń pèsè májèlé kan, PVL, tí ó ń lu ara sẹ́ẹ̀lì funfun ní ihò. Ó pẹ́ tí àwọn olùwádìí fi ń jiyàn bóyá PVL ṣe pàtàkì, nítorí ìwádìí inú eku kò fẹnu kò. Nígbà tí wọ́n da májèlé náà lé neutrophil ènìyàn, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, lórí, wéré ni ó kú. Ti ehoro náà kú. Ti eku kò mira. Ní 2013, ìwádìí fi hàn pé ibi tí PVL ń dì mú lára sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, C5aR, yàtọ̀ sí ti eku. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àwọn ẹ̀yà tí ó ní PVL wọ́pọ̀ gan-an ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà.

Ìkejì ni táífọ́ọ̀dù tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni ó fà á tí kòkòrò rẹ̀, Salmonella Typhi, kò fi lè gbé inú macrophage eku? Stefania Spanò àti Jorge Galán ti Yunifásítì Yale dáhùn ní 2012. Macrophage eku ní èròjà kan, Rab32, tí ó ń darí ohun ìjà lọ sínú àpò tí kòkòrò wà. Ìbátan Typhi, Typhimurium, tí ń mú eku, ní ọ̀bẹ tí ó fi ń gé Rab32. Typhi kò ní in. Wọ́n fún Typhi ní jíìnì ọ̀bẹ yìí, ó sì yè nínú macrophage eku. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú díwọ̀n rẹ̀ pé táífọ́ọ̀dù mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 ènìyàn ní 2019, ó sì pa nǹkan bí 110,000. Ẹni tí ó bá ń wá ìdí tí ó fi ń mú wa, tí kò sì mú eku, ibí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹta ni èyí tí ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Ní 2006, ẹgbẹ́ Robert Modlin ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nígbà tí macrophage ènìyàn bá mọ̀ pé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dé, á fi fítámì D pèsè cathelicidin, èròjà tí ń pa kòkòrò náà. Eku kì í gba ọ̀nà yìí. Wọ́n tún rí i pé fítámì D inú omi ẹ̀jẹ̀ àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yẹ̀ wò kéré, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sìn nínú rẹ̀ sì pèsè cathelicidin díẹ̀; bí wọ́n bá fi fítámì D kún un, ó ń gbérí. Ìrètí gba gbogbo ayé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé oògùn tí kò wọ́n rárá lè dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n ṣe ìdánwò ńlá ní Mongolia, níbi tí oòrùn kì í ti í pọ̀ nígbà òtútù: ọmọ iléèwé 8,851, ọdún mẹ́ta gbáko, fítámì D lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn kan, èyí tí kò ní nǹkan kan nínú fún àwọn yòókù. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2020. Fítámì D kò dín iye àwọn ọmọ tí ó kó kòkòrò náà kù.

Ohun tí Modlin rí kì í ṣe irọ́. Ó ṣẹlẹ̀ nínú abọ́, àwọn mìíràn sì ti rí irú rẹ̀. Ohun tí abọ́ kò ní ni ara: kò sí ẹ̀dọ̀fóró, kò sí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ń pàṣẹ fún macrophage, atẹ́gùn oxygen inú abọ́ pọ̀ ju ti inú ara lọ, oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì sì sábà máa ń ní omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù nínú. Abọ́ lè sọ ohun tí ó ṣeé ṣe fún wa. Kò lè sọ bí ohun náà ti wúwo tó nínú gbogbo ohun tí ń lọ nínú ara odindi ènìyàn. Mo rò pé èyí ni ibi tí àwọn oníròyìn ìlera ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù: wọ́n á gbé àbọ̀ inú abọ́ jáde ní òwúrọ̀, nígbà tí ó bá fi máa di alẹ́, ọjà ti kún fún oògùn rẹ̀.

A ti rí i báyìí pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn yàtọ̀ sí ti eku. Ṣé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹlòmíràn? Luis Barreiro àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn ní 2016. Wọ́n gba monocyte lọ́wọ́ àwọn Amẹ́ríkà tí baba ńlá wọn wá láti Áfíríkà àti àwọn tí tiwọn wá láti Yúróòpù, wọ́n sọ wọ́n di macrophage, wọ́n sì kó àwọn kòkòrò Listeria àti Salmonella bá wọn. Macrophage àwọn tí ìran Áfíríkà pọ̀ lára wọn gbiná ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì dín bíbí kòkòrò kù jù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe oore lásán: ìgbóná tí ń pa kòkòrò yìí náà lè máa ba ara ẹni jẹ́ bí kò bá rọlẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ó já irọ́ àṣà pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan ní yunifásítì kan ní Yúróòpù, kí wọ́n sì pe ohun tí wọ́n rí ní ti ọmọ ènìyàn.

Ìbàdàn tún wà níbí. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti wo bí jíìnì ṣe yàtọ̀ láàárín àwọn ìran, Yorùbá ìlú Ìbàdàn wà lára àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́. Bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30, ènìyàn 90. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Yunifásítì Howard nígbà náà, wà lára àwọn tí ó darí ìjíròrò pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, èyí tí ó yàtọ̀ sí ayé ìgbà tí wọ́n gba Raji ní 1963. Wọ́n lo fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr láti sọ sẹ́ẹ̀lì B wọn di èyí tí ń dàgbà láìdúró, wọ́n sì ń tọ́jú wọn ní ilé ìwádìí Coriell ní ìpínlẹ̀ New Jersey.

Dennis Ko, tí ó wà ní Yunifásítì Duke báyìí, ni ó sọ irú sẹ́ẹ̀lì àkójọ yìí di pápá ìdánwò fún kòkòrò àrùn. Ó ń kó Salmonella bá sẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó ń wo èyí tí kòkòrò tètè wọ̀ àti èyí tí ó ṣòro fún un, ó sì ń wá jíìnì tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Ní 2017, ọ̀nà yìí gbé e dé jíìnì kan, VAC14. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ púpọ̀, ọ̀rá cholesterol á pọ̀ lára awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, Salmonella á sì rí ibi dì mú. Wọ́n yẹ àwọn tí táífọ́ọ̀dù mú ní Vietnam wò, ìyàtọ̀ jíìnì yìí kan náà sì farahàn. Iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ní 2018 lo sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí ó lé ní 500, tí àwọn Ẹ̀sán ti ìpínlẹ̀ Ẹdó wà nínú wọn. Èyí ni mo rí pé ó sún mọ́ iṣẹ́ Minnesota jù: ó bẹ̀rẹ̀ nínú abọ́, ó sì jáde lọ bá aláìsàn.

Ọ̀nà tuntun mìíràn ni pé kí wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì awọ tàbí ti ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fi ọgbọ́n tí Shinya Yamanaka ti Japan gbé jáde fún sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní 2007 dá a padà sí ipò ọlẹ̀, kí wọ́n sì tọ́ ọ láti ibẹ̀ di macrophage. Wọ́n lè yí jíìnì kan padà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó kó kòkòrò bá a. Ó dára, ó sì wọ́n.

Neutrophil ni gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí kò tíì rí ṣe. Òun ni ó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wa, òun ni ó ń kọ́kọ́ dé ojú ogun. Ní 2004, ẹgbẹ́ Arturo Zychlinsky ní Berlin fi hàn pé ó máa ń tú okùn DNA ara rẹ̀ jáde láti fi de kòkòrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kúrò nínú ara, wákàtí díẹ̀ ni ó kù fún un. Kì í ṣeé di sínú yìnyín kí ó sì jí padà bí tẹ́lẹ̀. Kì í ṣeé fi ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Èyí sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọmọ tiwa jù. Ibà, ìyẹn malaria, jẹ́ ohun tí gbogbo ilé mọ̀, àwọn ọmọ tí ibà bá sì ti lù bolẹ̀ ni Salmonella tí kì í ṣe ti táífọ́ọ̀dù ń wọ ẹ̀jẹ̀ wọn jù. Aubrey Cunnington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba neutrophil àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe ní Gambia, àbọ̀ wọn sì jáde ní 2012: agbára tí ó fi ń sọ oxygen di májèlé ti lọ sílẹ̀, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó padà. Wọ́n so ó mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí ibà fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ń fọ́ lójoojúmọ́ láìsí ibà, Salmonella sì wà lára àwọn kòkòrò tí ń jẹ egungun wọn jù. Ṣé ohun kan náà ni ó ń pa neutrophil wọn lọ́wọ́ dà? Ẹni tí yóò dáhùn gbọ́dọ̀ ní àpótí ooru tí iná rẹ̀ kì í kú, awò amúǹkan-tóbi, gentamicin, àwo oúnjẹ kòkòrò àti ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, nínú yàrá kan tí kò jìnnà sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.